Ìjà Ò Dọlà? Owó àti Ìjà Kíkọ́ láti Oǹdó dé Àkúrẹ́

Ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni. Bó bá jẹ́ ìjà àdúgbò ni, èyí tí ọtí tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dá sílẹ̀, òwe náà kò ṣeé jà níyàn. Àmọ́ ìjà mìíràn wà tí ènìyàn ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́, tó ní olùkọ́, tó ní ìlànà, tó sì ní oyè tí wọ́n ń gùn ní ipele-ní-ipele. Irú rẹ̀ ni kàráté. Ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, bó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọ̀dọ́ wà tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń di bẹ́líìtì mọ́dìí, tí wọ́n ń tẹríba fún olùkọ́ kí wọ́n tó gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ kan ló wà níwájú wọn àti níwájú àwọn olùkọ́ wọn: ṣé ó tọ́ kí ẹni tó kọ́ kàráté ìbílẹ̀, èyí tí àwọn àgbà erékùṣù Okinawa ní Japan fi sílẹ̀, gbé e lọ sí gbàgede kó máa fi jà gbowó? Àwọn kan ní èèwọ̀ ni, pé bí owó bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀mí inú rẹ̀ ti jáde. Àwọn kan ní ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ ló yẹ kó jẹun. Bí a bá yẹ ìtàn wò dáadáa, ti Japan, ti Senegal, ti Ìbàdàn, àti ti owó kòkó tó ti oko Oǹdó àti Àkúrẹ́ jáde, a ó rí i pé owó fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ba ìjà kíkọ́ jẹ́. Ọwọ́ tí owó náà wà ló yẹ ká máa wò, ká sì tún wò ó bóyá ẹni tó ń sanwó mọ ohun tó ń sanwó fún.

Èrò pé owó ń sọ eré di ẹlẹ́gbin kì í ṣe ilẹ̀ wa ló ti hù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti sọ ọ́ di òfin. Nígbà tí àwọn ọlọ́lá London dá ẹgbẹ́ eré sísá wọn sílẹ̀ ní 1866, kì í ṣe ẹni tó ń sáré gbowó nìkan ni wọ́n tì síta. Wọ́n ti oníṣẹ́ ọwọ́ àti lébìrà náà mọ́ ọn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti fi ogún sílẹ̀ fún nìkan ló kù tó lè ṣeré láìgbowó, òun ni wọ́n sì ń pè ní ọmọlúàbí eléré. Èrò yìí ló wọ inú ìdíje Olympic láti 1896, òun náà ló sì bá àwọn olùkọ́ míṣọ́nárì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama nílẹ̀ Yorùbá, nígbà tí irú Ondo Boys' High School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, ń gbèrú. Eré ìdárayá wà fún ìwà, ife ẹ̀yẹ tó fún ẹni tó bá borí, ìpàtẹ́wọ́ sì tó fún ẹni tó bá fìdí rẹmi. Ẹ̀kọ́ náà ní iyì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé e wá ti pa á tì fúnra wọn: ní 1992 àwọn òṣèré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ń gba owó ńláńlá ní Amẹ́ríkà bá wọn dé Olympic ní Barcelona, nígbà tó sì di 2016 ní Rio, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó ń jà gbowó di ẹni tó lè wọlé. Ní Japan náà, àwọn jagunjagun sámúráì ka fífọwọ́ kan owó sí ohun àbùkù, nítorí ìrẹsì tí olúwa wọn ń wọ̀n fún wọn ló ń bọ́ wọn. Láti ibi méjèèjì, ẹnu ẹni tí wọ́n ti bọ́ yó ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó mọṣẹ́ kì í tijú owó iṣẹ́. Àyàn kì í fi ìlù pamọ́ nítorí pé wọ́n lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ojú agbo gan-an ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́, kí gbogbo ayé lè rí i. Onírárà àti oníjàálá ń gba ẹ̀bùn, oríkì tí wọ́n kì kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di irọ́. Ní Ìkẹ́rẹ́, ìlú tó múlé gbe Àkúrẹ́, Olówè ará Ìsẹ̀, ẹni tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, àwọn òyìnbó bẹ̀bẹ̀ títí tí wọ́n fi fi ìtẹ́ ọba gbà á pààrọ̀, inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá wọn ní London ló sì wà di òní. Ọba ló bẹ iṣẹ́ náà, ọba ló gba iṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé èyí ba ọwọ́ Olówè jẹ́. Bákan náà ni ìjàkadì rí, èyí tí àwọn kan ń pè ní gídígbò. Nígbà ọdún ìbílẹ̀ tàbí lábẹ́ òṣùpá, ìlù á máa dún, ẹgbẹ́ á máa pe ẹgbẹ́ jáde, ẹni tó bá dá ẹnìkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀ á sì gba ẹ̀bùn àti ìyìn. Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn ni irú ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn náà. Àwọn àgbà tó jókòó yí agbo ká ti ja ìjàkadì rí, wọ́n mọ ìgbà tí ọgbọ́n ṣẹ́gun agbára, wọ́n sì mọ ìgbà tí ẹnì kan rẹ́ni jẹ. Owó ẹni tó mọ iṣẹ́ ń tún iṣẹ́ ṣe.

Kàráté fúnra rẹ̀ kò fi ìgbà kankan jìnnà sí owó tó bí àwọn kan ti ń rò. Gichin Funakoshi, tó gbé e láti erékùṣù Okinawa wá sí Tokyo ní 1922, kórìíra ìdíje. Lójú tirẹ̀, ìwà ènìyàn ni kàráté wà láti tún ṣe. Àmọ́ ìgbàgbọ́ yẹn kò fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Inú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Okinawa ń gbé ní Tokyo ló fi ṣe ibùgbé, ó ń gbálẹ̀, ó ń tọ́jú ọgbà, kó tó di pé ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹlòmíràn láti erékùṣù kan náà, Choki Motobu, gba ọ̀nà tirẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà tó bọ́ sójú agbo ní Kyoto, níbi ìjà tí àwọn ènìyàn ń sanwó wò, tó sì lu àjèjì abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kan ṣubú. Nígbà tí ìwé ìròyìn King gbé ìtàn náà jáde ní 1925, òkìkí kàráté kàn káàkiri Japan, wọ́n tiẹ̀ ṣì í yà nínú àwòrán pé Funakoshi ló ja ìjà náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ẹni tó kọ ìjà ìta gbangba jẹ nínú èrè òkìkí ẹni tó jà á. Ọdún tí Funakoshi kú, 1957, náà ni ẹgbẹ́ Japan Karate Association, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1949, ṣe ìdíje gbogbo Japan àkọ́kọ́. Àwọn tó ń pe ara wọn ní olùtọ́jú ìbílẹ̀ lónìí, ọmọ ìdíje yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìtàn júdò tún là á mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mitsuyo Maeda, ọmọ ẹ̀kọ́ ilé júdò Kodokan, fi Japan sílẹ̀ ní 1904, ó sì ń jà gbowó láti ìlú dé ìlú, ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, títí tó fi fìdí kalẹ̀ sí Belém ní Brazil. Níbẹ̀ ló ti kọ́ ọmọ ìdílé Gracie, àwọn yẹn ló sì fi ohun tó kọ́ wọn dá irú ìjà tí gbogbo ayé ń kọ́ lónìí sílẹ̀. Ní ìlú Belém yẹn kan náà, olùkọ́ kàráté ọmọ Japan kan, Yoshizo Machida, tọ́ ọmọ rẹ̀ Lyoto dàgbà nínú kàráté Shotokan, ọmọ náà sì gba bẹ́líìtì àgbáyé UFC, ilé iṣẹ́ ìjà olówó ti Amẹ́ríkà, ní May 2009 pẹ̀lú ìdúró, ìrìn àti sùúrù tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ kejì ìtàn náà sì wà. Masahiko Kimura, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí oníjúdò tó lágbára jù ú lọ láyé rẹ̀, wọ iṣẹ́ ìjà olówó ní 1950 nítorí pé aya rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò sì sí owó oògùn. Nígbà tó di December 1954, òun àti Rikidozan, oníjàkadì olówó, kojú ara wọn níwájú àwọn tó ń wo tẹlifíṣàn. Kimura sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ti jọ ṣe àdéhùn pé ọ̀mì ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n Rikidozan yẹ àdéhùn, ó sì lù ú dákú. Àwọn méjèèjì, Maeda àti Kimura, gba owó. Iṣẹ́ ọ̀kan fọ́n káyé, ti èkejì di eré orí ìtàgé tó dójú tì í, nítorí pé àwọn tó ń sanwó fún un kò wá wo júdò. Ìran ni wọ́n wá wò.

Lágbègbè wa níhìn-ín, Senegal ló ti rin ọ̀nà yìí jìnnà jù. Ìjàkadì tí wọ́n ń pè ní laamb jẹ́ eré ẹ̀yìn ìkórè láàárín àwọn Serer àti Wolof. Ẹran ọ̀sìn, ọkà àti ìyìn ni ẹ̀bùn rẹ̀. Láàárín 1920 sí 1930, Faransé kan tó ní ilé sinimá ní Dakar, Maurice Jacquin, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ìjàkadì tó ní ẹ̀ṣẹ́ nínú. Láti ibẹ̀ ni owó ti ń gòkè, títí tí àwọn ọ̀gbóǹtarìgì fi ń gba ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù owó CFA nínú ìjà kan. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìbílẹ̀ rẹ̀? Ìlù ṣì ń dún, orin àti ijó ṣì ń ṣáájú ìjà, ońdè àti omi tí wọ́n fi ń wẹ̀ kò kúrò lára àwọn oníjàkadì. Nígbà tí Balla Gaye 2 dá Yékini mọ́lẹ̀ ní April 2012, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 15 tí ẹnikẹ́ni kò dá a rí, gbogbo orílẹ̀-èdè náà ló dá iṣẹ́ dúró wò ó. Ní 2018 wọ́n ṣí pápá ìjàkadì ńlá ní Pikine. Èyí kò ṣẹlẹ̀ nítorí pé ọkàn àwọn ará Senegal mọ́ ju tiwa lọ. Jàgídíjàgan àwọn alátìlẹ́yìn ti da ìjà wọn rú lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba gbé kalẹ̀, tó ń ṣòfin, tó ń wo ìwé àdéhùn, tó ń jẹ ẹni tó bá rú òfin níyà, àwọn òǹwòran sì jẹ́ ọmọ àwọn tó ti ja laamb rí. Dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn Hausa, tó ti ọwọ́ àwọn alápatà wá, tí wọ́n ti ń gba owó àti ẹ̀bùn níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ń tọ ọ̀nà kan náà báyìí.

Ní ti Oǹdó àti Àkúrẹ́, ọwọ́ wa kò mọ́ nínú ìjà olówó. Owó wa wà níbẹ̀ tipẹ́. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní February 1976, abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ni ìlú méjèèjì wà, ara ilẹ̀ tí kòkó ti ń jáde jù ni agbègbè Oǹdó sì jẹ́. Owó kòkó ló ń gbé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ró nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, tí wọ́n dá tẹlifíṣàn sílẹ̀ ní 1959, tí wọ́n sì ṣí pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn ní 1960. Inú pápá yẹn ni ìdíje ẹ̀ṣẹ́ fún bẹ́líìtì àgbáyé ti kọ́kọ́ wáyé ní Nàìjíríà. Ní 10 August 1963, Dick Tiger, ọmọ Amaigbo tó kọ́ ìjà ní Aba, kojú Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà. Tiger ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀ ní San Francisco ní October 1962, wọ́n sì ta ọ̀mì ní Las Vegas ní February 1963. Ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ipele keje, àwọn ènìyàn Fullmer ní ó tó gẹ́ẹ́. Fullmer kò tún jà mọ́ láyé rẹ̀. Ìjà olówó gbáà ni, agbéjàkalẹ̀ láti London ló sì ṣètò rẹ̀. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ pé Tiger tàbùkù orílẹ̀-èdè. Ojú ìgbéraga ni gbogbo ènìyàn fi wò ó, nínú pápá tí àgbẹ̀ Oǹdó àti ti Àkúrẹ́ wà lára àwọn tó sanwó kíkọ́ rẹ̀.

Àgbẹ̀ yìí kan náà ló lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe pàtàkì jù. Láti 1947 ni àjọ ìjọba ti ń ra kòkó ní iye tí àjọ náà fúnra rẹ̀ dá, tí ó sì ń tà á sókè òkun ní iye tó máa ń ju ìyẹn lọ. Èrè àárín rẹ̀ ń lọ sí àpò ìjọba. Ohun rere pọ̀ tí wọ́n fi owó náà ṣe, àmọ́ ẹni tó gbin kòkó kò sí níbi tí wọ́n ti ń pín in, títí tí wọ́n fi tú àjọ náà ká ní 1986. Kò sẹ́ni tó ní kí àgbẹ̀ yéé ta kòkó nítorí ìyẹn. Àwọn ọlọ́gbọ́n sọ pé kí àgbẹ̀ ní ohùn nínú owó kòkó ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún ẹni tó ń fi ara rẹ̀ jà. Ní 2024, UFC gbà láti san $375 mílíọ̀nù fún àwọn tó ti jà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n pè é lẹ́jọ́ pé ó fi agbára mú owó iṣẹ́ wọn lọ sílẹ̀. Ní Japan, K-1, ìdíje tí olùkọ́ kàráté kan dá sílẹ̀ ní 1993 tó sì kún pápá ìṣeré fọ́fọ́, wọ gbèsè débi pé ilé iṣẹ́ tó ń darí rẹ̀ dojú dé ní 2012, àwọn ajà sì ń pariwo owó wọn. Níbi méjèèjì, owó wà. Ọwọ́ ẹni tó jà kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ó tún yẹ ká jẹ́wọ́ pé owó ti wà nínú kàráté ilẹ̀ wa tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ mìíràn ló wọ̀. Láti 1973 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀, kí ọmọ Nàìjíríà lè fẹ́ràn ara wọn lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wá góòlù lójú méjèèjì. Oníkàráté tó bá ṣojú ìpínlẹ̀ rẹ̀ ń gba owó ìjẹun, ó ń gba ẹ̀bùn owó bó bá gba àmì ẹ̀yẹ, gbogbo ẹni tó mọ ìdíje náà ló sì mọ̀ pé àwọn ìpínlẹ̀ máa ń fi owó fa eléré ara wọn mọ́ra. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní Abẹ́òkúta ní May 2025, a kò tíì bọ́ lọ́wọ́ àṣà yìí. Ẹni tó ń bínú sí ìjà olówó ní láti sọ ìdí tí owó ìjọba fi mọ́, tí ti òǹwòran fi dọ̀tí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé owó òǹwòran ní ìwé àdéhùn tí a lè gbé lọ sílé ẹjọ́. Owó ìjọba lè pẹ́ kó tó dé, ó sì lè má dé rárá, ẹni tó ń retí rẹ̀ kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́.

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé ìjà olówó yóò sọ kàráté di nǹkan mìíràn. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ìdíje kàráté olówó PKA sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1974, àwọn ajà gbára lé ẹ̀ṣẹ́ débi pé òfin ní láti pàṣẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ta ìpá mẹ́jọ, ó kéré tán, ní ipele kọ̀ọ̀kan, kí òǹwòran lè rántí pé kàráté ni wọ́n wá wò. Kátà, àwọn ìgbésẹ̀ tí àwọn àgbà tò sílẹ̀ láti fi tọ́jú ọgbọ́n ìjà, kò ní àyè nínú irú gbàgede bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdíje aláìlówó náà ti yí kàráté padà. Ìdíje tí wọ́n ti ń fi àmì gba ẹ̀yẹ, tí ajà á fi ẹ̀ṣẹ́ kan ara ẹnìkejì fẹ́rẹ́ tí á sì fò sẹ́yìn, kì í ṣe ohun tí Funakoshi kọ́ni. Ìyẹn ni Olympic sì rí ní Tokyo ní 2021, kí wọ́n tó yọ kàráté kúrò ní Paris ní 2024. Gbogbo ìdíje ló ń gé iṣẹ́ kúrú kí ó lè bá òfin mu. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń pa odidi rẹ̀ mọ́. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ kátà lójoojúmọ́, tí kò sì jẹ́ kí ọmọ ẹ̀kọ́ tó ń jà gbowó sá fún un, ohun tí gbàgede gé kò ní sọ nù. Lyoto Machida jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ́ ní odidi lè mú apá kan lọ sójà, kí ìyókù sì wà nílé.

Àtakò kejì jẹ́ ti ìwà. Kàráté ń kọ́ni ní ìtẹríba, wọ́n ní, owó sì ń kọ́ni ní ìfọ́nnu. Lóòótọ́, Israel Adesanya, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ní 1989, tó di aṣíwájú àgbáyé UFC ní Melbourne ní October 2019, kì í ṣe ẹni tó ń rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kamaru Usman, tí wọ́n bí ní Auchi, tó gba bẹ́líìtì tirẹ̀ ní March ọdún kan náà, jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ lọ́rọ̀ ju ìyẹn lọ. Irú owó kan náà ni àwọn méjèèjì gbà. Ìwà ọmọ ti wà kí owó tó dé. Owó kàn gbé e sórí pẹpẹ tí gbogbo ènìyàn ti rí i ni. Àìlówó náà kò sì sọ ẹnikẹ́ni di onírẹ̀lẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò jà gbowó rí ló ń fọ́nnu nípa oyè tí kò sẹ́ni tó lè dán wò.

Àtakò kẹta ló wúwo jù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kékeré mú un: ara ènìyàn kì í ṣe irin. Láti 1928 ni dókítà Harrison Martland ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ẹ̀ṣẹ́ tó ń bà lórí léraléra ń ba ọpọlọ jẹ́, tí ẹni náà á máa ta gọ́ọ́gọ́ bí ọ̀mùtí. Nojim Maiyegun, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Èkó tó gba àmì ẹ̀yẹ Olympic àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà ní Tokyo ní 1964, lọ jà gbowó ní Vienna; ojú rẹ̀ fọ́, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú òkùnkùn lẹ́yìn odi kó tó kú ní 2024, nígbà tí orílẹ̀-èdè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Dick Tiger fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí ogun Biafra gba púpọ̀ nínú ohun tó kó jọ, ṣe olùṣọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ sì pa á ní Aba ní December 1971, ní ẹni ọdún 42. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, ìtàn méjèèjì ń bi wá ní ìbéèrè kan náà: ta ló ń tọ́jú ajà nígbà tí ìpàtẹ́wọ́ bá dákẹ́? Maiyegun gba àmì ẹ̀yẹ tí kò lówó nínú, orílẹ̀-èdè ló sì gbà á fún. Ìyẹn kò ní kí orílẹ̀-èdè náà tọ́jú rẹ̀. Àìgbowó kò dáàbò bo ara. Ohun tó lè dáàbò bò ó ni dókítà tó ní àṣẹ láti dá ìjà dúró, òfin pé ẹni tí wọ́n bá lù dákú kò gbọdọ̀ padà fún oṣù mélòó kan, àti owó adójútòfò tí wọ́n ti san kí wọ́n tó lu agogo àkọ́kọ́. Níbi tí kò bá sí ìwọ̀nyí, kí ẹnikẹ́ni má jà, ìbáà jẹ́ fún owó tàbí fún ìpínlẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan Àkúrẹ́, pé Èkó àti òkè òkun lowó wà. Àmọ́ ìyẹn gan-an ló fi yẹ ká sọ ọ́ níbí. Ọ̀dọ́ tí kò bá rí ìjà tó létò nílé, ọwọ́ agbéjàkalẹ̀ tí kò mọ̀ rí ni yóò bọ́ sí, yóò sì fọwọ́ sí ìwé tí kò yé e. Inú ilé sinimá ni owó laamb ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nínú pápá ńlá. Bí àwọn ẹgbẹ́ kàráté ìlú méjèèjì bá lè gbé ìdíje kékeré kalẹ̀, tí àwọn àgbà oníkàráté fúnra wọn jẹ́ adájọ́, tí iye owó ẹni tó borí àti ti ẹni tó fìdí rẹmi wà lákọsílẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, tí ìwé àdéhùn wà ní èdè Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń yọ díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì sí àpò ìtọ́jú àwọn tó fara pa, nígbà náà ni òǹwòran tó mọ kàráté yóò pọ̀ láàárín wa. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.

Bí ó bá wá jẹ́ pé owó tó ń ba kàráté jẹ́ la ń wá ní tòótọ́, ẹ jẹ́ ká wá a sí ibi tó wà. Olùkọ́ tó bá gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ tó sì di bẹ́líìtì dúdú mọ́ ọn nídìí láìdán an wò ti ta ohun tó ju ìjà lọ. Ọmọ náà kò mọ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan, yóò sì kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó jà gbowó níwájú adájọ́ tó mọ́ ti fi ohun tó kọ́ sórí òṣùwọ̀n. Bó bá borí, a rí i, bó bá ṣubú, a rí i. Nítorí náà, kí oníkàráté Oǹdó tàbí ti Àkúrẹ́ tó bá fẹ́ jà gbowó máa jà, bí dókítà, adájọ́ àti ìwé àdéhùn bá ti wà nílẹ̀. Kí àwọn àgbà iṣẹ́ náà má ṣe lé e jáde nínú ẹgbẹ́, nítorí bí wọ́n bá lé e, ọwọ́ àwọn tí kò mọ kàráté ni wọ́n fi í lé. Èèwọ̀ tó yẹ kí wọ́n gbé kalẹ̀, kí wọ́n sì pa á mọ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ni títa bẹ́líìtì.